Robert Bárány: Dókítà Tó Wá Ibi Tí Òòyì Ti Ń Wá

 

Ó ṣòro láti rí ọmọ tó dàgbà ládùúgbò wa láìṣe eré òòyì rí. A ó na apá méjèèjì, a ó máa yí po lójú kan, títí ilẹ̀ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ̀lú wa. Tá a bá wá dúró, ara ò ní dúró. A ó máa ta gbọ̀ngbọ́n bí ọ̀mùtí, àwọn tó kù á sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló béèrè rí pé kí ló dé tí ayé ṣì ń yí nígbà tí èèyàn ti dúró? Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè náà ló jẹ́ kó gba Ẹ̀bùn Nobel, inú ọgbà àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun sì ni ìròyìn ẹ̀bùn náà ti bá a.

ORÚNKÚN TÍ KÒ ṢEÉ KÁ

Ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1876 ni wọ́n bí Robert Bárány ní ìlú Vienna, olú-ìlú Austria. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́fà. Júù ni wọ́n, ìran bàbá rẹ̀ sì wá láti Hungary. Iṣẹ́ alámòójútó oko ńlá ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ní tiẹ̀ jẹ́ ọmọ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní ìlú Prague, ọ̀dọ̀ ìyá yìí sì ni ìfẹ́ ìwé ti wọ inú ilé wọn jù.

Nígbà tó wà ní kékeré, kòkòrò tó ń fa ikọ́ ife bá a jà. Inú egungun ló bá a jà sí. Nígbà tí àìsàn náà fi máa lọ, ó ti ba orúnkún rẹ̀ kan jẹ́. Orúnkún náà le gbagidi, kò sì ṣeé ká dáadáa mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ gbà pé àìsàn yìí ló kọ́kọ́ fa ọkàn rẹ̀ sí iṣẹ́ ìṣègùn. Ṣùgbọ́n kò jókòó sílé kó máa káàánú ara rẹ̀ o. Ó ń gbá tẹ́níìsì, ó sì ń rìn lórí òkè. Ẹ ò rí nǹkan: ẹni tí orúnkún rẹ̀ ò ká ló padà wá kọ́ ayé nípa bí èèyàn ṣe ń dúró láìṣubú.

Ọdún 1900 ló parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Vienna. Ó lọ sí Jámánì, ó kọ́ nípa àìsàn inú ara ní Frankfurt, ó sì kọ́ nípa ọpọlọ àti iṣan ara lábẹ́ Kraepelin, gbajúmọ̀ dókítà àrùn ọpọlọ. Ó padà sí Vienna, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ. Ní ọdún 1903, ó wọ ilé ìwòsàn etí tí Adam Politzer ń darí. Ọ̀gá ni Politzer nínú ìmọ̀ etí láyé ìgbà yẹn. Láti ọ̀nà jíjìn ni àwọn dókítà ti ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ETÍ

Kí n tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Etí tí à ń rí lóde, tí à ń fi yẹtí sí, ẹnu ọ̀nà lásán ni. Inú lọ́hùn-ún, láàárín egungun orí, ni iṣẹ́ gidi wà. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ìgbọ́ràn. Ohun kan wà níbẹ̀ tó ká bí ìkarahun ìgbín, òun ló ń gba ohùn. Iṣẹ́ kejì ni ti ìdúró. Ọ̀nà tóóró mẹ́ta wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí ọwọ́ kọ́ọ̀bù, omi sì wà nínú wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síbi tiẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí bí a ṣe máa yí orí tí wọn ò ní mọ̀. Tí orí bá yí, omi inú wọn kì í tètè tẹ̀ lé e. Èyí ló máa ń tẹ àwọn irun tín-tìn-tín kan, iṣan á gbé ìròyìn lọ bá ọpọlọ, ọpọlọ á sì sọ fún ojú àti ẹsẹ̀ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Ẹ fi korobá dán an wò. Ẹ bu omi sí i, kí ẹ máa yí korobá náà po, kí ẹ wá dá a dúró lójijì. Korobá á dúró, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ á ṣì máa yí. Bó ṣe rí nínú etí nìyẹn nígbà tá a bá ṣe eré òòyì. A ti dúró, omi inú etí ò tíì dúró, ọpọlọ sì gbà pé a ṣì ń yí.

Bárány kọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé etí mọ̀ nípa ìdúró o. Flourens, ará Faransé, ti gé àwọn ọ̀nà tóóró yìí nínú etí ẹyẹlé ní nǹkan bí 1824, ó sì rí i pé àwọn ẹyẹlé náà ò lè dúró dáadáa mọ́. Ní ọdún 1861, Ménière, dókítà kan ní Paris, sọ pé òòyì lè ti inú etí wá, pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ọpọlọ ló ń ṣe aláìsàn. Ohun tó kù ni bí dókítà ṣe máa mọ̀ ọ́n lára èèyàn tó wà láàyè, láìfi ọ̀bẹ kàn án. Ohun tí Bárány rí nìyẹn.

OMI TÚTÙ ÀTI OMI GBÍGBÓNÁ

Lára iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn náà ni kó máa fi omi fọ etí àwọn aláìsàn. Síríńjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn yìí máa ń sọ pé òòyì ń kọ́ àwọn tí wọ́n bá fọ etí fún àwọn tán. Bárány bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́! Ó rí i pé ẹyinjú wọn ń ta: á rọra lọ sí apá kan, á fò padà lójijì, á tún rọra lọ, á tún fò padà.

Lọ́jọ́ kan, aláìsàn kan sọ fún un pé ìgbà tí omi náà bá tutù nìkan ni òòyì máa ń kọ́ òun, pé tó bá lọ́ wọ́rọ́wọ́, kì í sí wàhálà. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ kékeré lèyí. Ó rọrùn láti sọ fún ọkùnrin náà pé kó fara dà á, pé àwọn tó kù ń dúró de dókítà níta. Bárány ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní kí nọ́ọ̀sì gbé omi tó gbóná wá. Omi tí nọ́ọ̀sì gbé wá gbóná jù. Aláìsàn náà figbe ta, ó ní òòyì tún ti dé. Bárány wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ẹyinjú náà tún ń ta, ṣùgbọ́n òdìkejì apá tó ń fò sí tẹ́lẹ̀ ló ń fò sí báyìí.

Ibẹ̀ ló ti yé e. Ìtutù tàbí ìgbóná omi ló ń fa òòyì náà. Omi tó bá bá ara èèyàn dọ́gba kì í fa nǹkan kan.

Kí wá ni ìdí rẹ̀? Àwa tí à ń ṣe Físíìsì ti kọ́ ọ pé omi tó bá gbóná máa ń gòkè, èyí tó tutù á sì lọ sísàlẹ̀. Ẹ wo ìkòkò ẹ̀wà lórí iná: ẹ̀wà á máa gòkè, á máa sọ̀kalẹ̀, láìsí ẹni tó ń ro ó. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tóóró inú etí wà nítòsí ibi tí omi síríńjì ń dé. Tí omi síríńjì bá tutù, omi inú ọ̀nà náà á tutù, á lọ sísàlẹ̀. Tó bá gbóná, á gòkè. Orí ò yí, ṣùgbọ́n omi ti rìn, ọpọlọ á sì gbà pé orí ń yí. Bárány dán èrò yìí wò. Ó ní kí aláìsàn yí orí padà kí apá òkè di ìsàlẹ̀, ẹyinjú náà sì yí apá tó ń fò sí padà.

Ẹ má fojú kékeré wo nǹkan yìí. Láyé ìgbà yẹn, kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn bí irú èyí tí à ń lò lónìí. Etí tó ń ṣe ọyún lè pa èèyàn, torí pé ọyún náà lè gba inú etí wọnú ọpọlọ. Dókítà tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá inú etí ti bàjẹ́ àti etí wo ni. Pẹ̀lú omi díẹ̀, Bárány fún wọn ní ìdáhùn: tí inú etí bá ti kú pátápátá, ì báà tutù, ì báà gbóná, ẹyinjú ò ní ta. Ní ọdún 1906 ló tẹ iṣẹ́ yìí jáde.

ÀGA, ÌKA ÀTI ÀPÓTÍ ALÁRIWO

Kò dúró síbẹ̀. Ó lo àga kan tó ń yí po. Á gbé èèyàn jókòó sórí rẹ̀, á yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20, á dá a dúró, á wá wo bí ẹyinjú ṣe ń ta àti bó ṣe pẹ́ tó. Títí dòní, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àga yẹn, wọ́n sì ń gbé àwọn tó ń kọ́ bí a ṣe ń wa bàálù sórí rẹ̀. Ìdí ni pé nínú ìkùukùu, ara awakọ̀ lè máa sọ fún un pé bàálù ń lọ tààrà nígbà tó ti ń yí. Àga náà ló ń kọ́ wọn pé kí wọ́n gba aago iwájú wọn gbọ́ ju ara wọn lọ.

Ó tún ṣe ìdánwò ìka. Á ní kí o na apá, kí ìka rẹ kan ìka dókítà, kí o wá di ojú, kí o sọ apá kalẹ̀, kí o tún gbé e sókè síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá á bá a níbẹ̀. Ẹni tí inú etí rẹ̀ ń ṣe, tàbí tí apá ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ ń ṣe, ìka rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Láti ara ìka tó yà yìí ni Bárány ti ń wádìí ibi tí àrùn fara pa mọ́ sí nínú ọpọlọ.

Ní ti ìgbọ́ràn, ìṣòro kan wà tó ń da àwọn dókítà láàmú. Tí etí kan bá di, tí èkejì sì ń gbọ́, báwo lẹ ṣe máa mọ bí èyí tó di náà ṣe di tó? Ohùn máa ń gba inú egungun orí kọjá lọ sí etí kejì. Etí tó gbọ́ á wá máa dáhùn fún èyí tí kò gbọ́, bí ẹni tó ń jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ẹ̀ jíwèé òun wò nínú ìdánwò. Bárány ṣe àpótí kékeré aláriwo kan tó ń ṣiṣẹ́ bí aago tí wọ́n ń wọ́n. Á fi sí etí tó gbọ́, ariwo á gba ibẹ̀ kan, etí tó di á wá ku òun nìkan nínú ìdánwò náà. Bó bá gbọ́, a mọ̀. Bí kò bá gbọ́, a mọ̀.

Ní ọdún 1909, ó di olùkọ́ ìmọ̀ etí ní Yunifásítì Vienna. Ọdún yẹn náà ló fẹ́ ìyàwó rẹ̀, Ida Berger. Wọ́n bí ọkùnrin méjì àti obìnrin kan.

Ẹ̀BÙN TÓ BÁ A LẸ́WỌ̀N

Ní ọdún 1914, Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ bíi tiẹ̀, ta ló máa fi tipátipá mú un lọ sógun? Òun fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti ṣe dókítà fáwọn ọmọ ogun Austria. Wọ́n gbé e lọ sí ìlú olódi kan tó ń jẹ́ Przemyśl, tó wà ní Poland lónìí. Níbẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ abẹ fún àwọn tí ìbọn bà lórí. Èrò tiẹ̀ ni pé kí wọ́n fọ ọgbẹ́ ọpọlọ mọ́ dáadáa, kí wọ́n sì rán an pa lójú ẹsẹ̀, kí ìdọ̀tí má bàa ráyè wọlé.

Àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà yí ìlú náà ká. Oúnjẹ tán. Ní oṣù kẹta ọdún 1915, ìlú náà juwọ́ sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ọmọ ogun tó lé ní 100,000 lẹ́rú. Bárány wà lára wọn. Wọ́n kó o lọ sí Merv, ìlú kan tó jìnnà réré ní àárín gbùngbùn Éṣíà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Turkmenistan báyìí. Ibà kọ lù ú níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ń tọ́jú etí àwọn èèyàn, àti ẹlẹ́wọ̀n bíi tiẹ̀ àti àwọn tó mú wọn lẹ́wọ̀n.

Níbẹ̀ ló wà nígbà tí ìròyìn dé pé òun ni wọ́n fún ní Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 nínú ìmọ̀ ìṣègùn, fún iṣẹ́ tó ṣe lórí ohun inú etí tó ń mú wa dúró. Ọdún 1915 ni wọ́n tó kéde rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó ná. Ọkùnrin tó wà lẹ́wọ̀n, tí ibà ń yọ lẹ́nu, tó jìnnà sí ìyàwó àti ọmọ, ni gbogbo ayé ń kan sáárá sí.

Ọmọ-ọba Carl ti Sweden, tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Ẹgbẹ́ Red Cross, bá a bẹ ìjọba Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1916 wọ́n dá a sílẹ̀, ó sì lọ sí Stockholm láti gba ẹ̀bùn rẹ̀.

VIENNA KORÒ, UPPSALA GBÀ Á

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó. Ti Bárány kò ṣeé bò; gbogbo ayé ti rí i. Nígbà tó padà sí Vienna, kò bá ayọ̀ níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ̀sùn kàn án pé kò dárúkọ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ̀sùn tó lágbára ni láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé, torí pé ẹni tó bá gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ tiẹ̀ ti jalè. Àwọn onímọ̀ kan ní Sweden yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì gbèjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti bàjẹ́.

Ní ọdún 1917, ó gba iṣẹ́ ní Yunifásítì Uppsala ní Sweden, níbi tó ti ń darí ẹ̀ka ìtọ́jú etí. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi kú.

Kò sì fi ẹ̀bùn ńlá ṣe ìrọ̀rí sùn. Ní ọdún 1921, ó kọ nípa obìnrin kan, ọmọ ọdún 27, tí òòyì máa ń kọ́ kìkì nígbà tó bá yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí ibùsùn. Tún wo bó ṣe rí: aláìsàn kan ló sọ ọ̀rọ̀ tó dà bíi pé kò nítumọ̀, Bárány sì tún fara balẹ̀ wo ojú rẹ̀. Ó fura sí àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú etí gbogbo wa. Lónìí, àwọn dókítà mọ̀ pé àwọn òkúta yìí lè já kúrò láyè wọn, kí wọ́n ṣubú sínú ọ̀nà tóóró. Dix àti Hallpike ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń dá àìsàn náà mọ̀ ní 1952, Epley sì tẹ ọ̀nà ìtọ́jú jáde ní 1992. Wọ́n á kàn yí orí aláìsàn díẹ̀díẹ̀ títí òkúta á fi padà síbi tó yẹ. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí oògùn.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 1936 ni Robert Bárány kú ní Uppsala. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó pé ọmọ 60 ọdún. Ernst, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, náà di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì yẹn.

OHUN TÓ KÙ LẸ́YÌN RẸ̀

Ìtàn náà ò tíì tán o. Ní ọdún 1983, àwọn tó rin ìrìn àjò lọ sí ojú òfuurufú gbé ìdánwò Bárány dání. Lọ́hùn-ún, nǹkan kì í wúwo, torí náà omi gbígbóná kì í gòkè, tútù kì í sọ̀kalẹ̀. Tó bá jẹ́ pé àlàyé Bárány ló parí ọ̀rọ̀, kò yẹ kí ojú ẹnikẹ́ni ta níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú wọn ta! Ó wá hàn pé àlàyé rẹ̀ jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ohun mìíràn tún wà tí ìgbóná àti ìtutù ń ṣe nínú etí. Síbẹ̀, ìdánwò náà fúnra rẹ̀ kò yẹ̀. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń lò ó nílé ìwòsàn. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa òòyì káàkiri ayé sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ láti ọdún 1960.

Kí wá ni tiwa nínú ọ̀rọ̀ yìí? Tí ẹnì kan bá ní òòyì ń kọ́ òun, a máa ń yára sọ pé ó ń díbọ́n, pé kò fẹ́ dúró nínú oòrùn ni. Ti ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa tún burú jù, orúkọ burúkú là ń sọ ọ́, a ó ní ó lágídí. Kì í ṣe gbogbo òòyì ló ń ti etí wá o: ebi lè fà á, àìtó ẹ̀jẹ̀ lè fà á, ibà lè fà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká béèrè ká tó dájọ́. Ṣé ìgbà tí o bá yí orí ni? Ṣé etí ń hó? Ṣé o gbọ́ràn bíi ti tẹ́lẹ̀? Ká sì ní kó sọ fún olùkọ́ àti àwọn òbí ẹ̀, kí wọ́n mú un lọ rí dókítà.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ da omi tútù sí etí ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti dán ọ̀rọ̀ mi wò! Tí awọ inú etí bá ti lu, omi yẹn lè dá wàhálà sílẹ̀. Ìdánwò korobá ni kí ẹ ṣe. Ẹ má sì fi píìnì tàbí ìdérí báírò ro etí.

Gbogbo ohun tí Bárány fi bẹ̀rẹ̀ kò ju síríńjì, omi àti ojú méjì lọ. Aláìsàn kan ráhùn pé omi tutù, dókítà kan sì gbà pé ìráhùn náà tó béèrè.